Kàlẹ́ńdà Ọ̀fẹ́

Ìparí ọdún ni wọ́n máa ń pín in lẹ́nu géètì,
kàlẹ́ńdà ńlá, ìwé rẹ̀ ń dán bí ìpẹ́ ẹja.
Ilé-iṣẹ́ ìfọpo ló wà nínú àwòrán òkè rẹ̀,
alẹ́ ni wọ́n yà á, gbogbo gílóòbù ń tàn yòò
bí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gbéra.
Èéfín kan kò sí nínú àwòrán náà.

Mo gbé e kọ́ sí kíṣìnì,
mo fi okùn so bírò mọ́ ọn.
Ọjọ́ tí òórùn bá wọlé, mo fa ìlà kan.
Ọjọ́ tí a bá sáré gbé Jandrik lọ sí ọsibítù, mo fa méjì.

Ní Kurasáo wa níbí, atẹ́gùn kì í yà sọ́nà ẹlòmíì.
Ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, tọ̀sán-tòru.
Ẹ wo igi watapana létí òkun,
ó tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn bí ẹni tí wọ́n ń wọ́ nírun.
Ilé-iṣẹ́ wà ní ìlà-oòrùn.
Àwa wà ní ìwọ̀-oòrùn.
Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè ṣe ìṣirò tó kù.

Imí-ọjọ́ ni wọ́n pe ohun tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ yìí.
Ẹ má fi èémí ọjọ́ pè é o, imí ni:
ọjọ́ yàgbẹ́ sápá ọ̀hún,
atẹ́gùn rù ú wá sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ wa.

Aṣọ funfun tí Ruthmila fẹ́ fi gba Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́,
wákàtí kan péré ni mo sá a.
Epo dúdú ta sí i láyà, àmì mẹ́tàdínlógún, mo kà á.
Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi òrombó wẹ́wẹ́ ha á.
Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fadá ń wo òkè àjà.

N ò ní purọ́. Ilé-iṣẹ́ yìí náà ló kọ́ ilé tí mo ti ń sọ̀rọ̀.
Òun ló ra fíríìjì, òun ló san owó eyín ìyá mi.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Shurman fi ń ṣí páìpù, tó fi ń dé páìpù níbẹ̀.
Bí ikọ́ bá gbé e báyìí, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ,
á di ògiri mú, á máa hú u bí ẹni ń hú gbòǹgbò.
Bó bá wọlé, kàlẹ́ńdà ló kọ́kọ́ ń wò:
"Ornelia, má fa ìlà tèmi."

Iná ń jó, ògiri ò sá.
Ta ló bi ògiri bóyá ó lẹ́sẹ̀?
Ta ni yóò ra ilé tó ń rùn?

Ìjọba gbé ẹ̀rọ kan wá, wọ́n fi dé orí òpó
níwájú ilé-iṣẹ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé.
Ẹ̀rọ ní kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀.
Kò purọ́. Níbi tó wà, kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀.
Lọ́yà ìgboro ní ìlà bírò kì í ṣe ẹ̀rí.
Mo dúpẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo padà wá fa ìlà ọjọ́ náà.

Lóṣù Kẹjọ, iná mànàmáná wọn kú.
Iná orí páìpù gíga náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó pòórá.
Òkùnkùn! Òkùnkùn gidi, bí inú ìkòkò.
Jandrik, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró lójú fèrèsé:
"Màmá-àgbà, kí ló dà sí ojú ọ̀run?"
Ìràwọ̀ ni.
Òórùn iyọ̀ wọlé. Mo ti gbàgbé pé òkun súnmọ́ wa tó bẹ́ẹ̀.
Shurman ò sùn. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì,
ó ń tẹ́tí sí ariwo tí kò sí.

Ọjọ́ kẹta, àwọn ọ̀dọ́ ti kún ẹnu géètì,
wọ́n ń bèèrè ìgbà tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.
Elvio mi wà láàárín wọn. Bàbá Jandrik ni.
N ò bínú sí i.

Ọjọ́ kẹrin, ojú ọ̀run tún pọ́n.
Mo mú bírò.
Ààyè ọjọ́ mẹ́ta ló funfun báláú lórí ìwé náà,
mo fọwọ́ pa wọ́n lára bí aṣọ ọmọ tuntun.

Oṣù Kejìlá tún ti dé.
Mo ti rán Jandrik lọ sẹ́nu géètì.
Mo ní kó gba méjì wá.